Kàfáyàtù Tó Di Ìtumọ̀ Mú, Tó Sọ Orúkọ Nù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́, kí ẹni tó bá ń ka èyí má baà rò pé ọmọ àná kan ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Èmi ni Alhaji Ṣàkírù Ọlárìndé tó ń gbé ní Newmarket. Mi ò pẹ́ ní ilé ìwé. Inú ilé ni ìwé ti wá bá mi, a sì gbọ́ra wa yé. Ní gbogbo Toronto àti àyíká rẹ̀, bí wọ́n bá bímọ tí àáfà bá ti ṣe tirẹ̀ tán lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, èmi ni wọ́n máa ń yíjú sí pé kí n tú orúkọ. Mo ti tú ti Lárúbáwá, mo ti tú ti Haúsá, mo ti tú ti àwọn ará Ghana, kí n tó wá kan òyìnbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti yunifásítì wà níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nígbà kan. Nígbà tí mo parí, ó ṣí fìlà. Mi ò sọ pé ó dọ̀bálẹ̀ o, àmọ́ àwọn tó jókòó sí ẹ̀yìn ní ó kù díẹ̀ kó dọ̀bálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Kàfáyàtù ni.

Ọmọ Ìwó ni Kàfáyàtù. Orúkọ yẹn, ohun tó tó èèyàn ni, tí èèyàn ò ní tún máa wá kún un. Ọmọbìnrin ni ìyá rẹ̀ ń bí ṣáá, nígbà tí ó sì tún bí òun, bàbá rẹ̀ wo ọ̀run, ó ní kí wọ́n máa pè é ní Kàfáyàtù, pé ó tó. Ọlọ́run gbọ́ o, ṣùgbọ́n kò yára: ọmọbìnrin ni èyí tó tẹ̀lé e náà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Kàfáyàtù láàárín èrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń pè níwájú. Ó ga, ó dúdú, hìjáàbù rẹ̀ kì í wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan rí, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ti inú elevator jáde kí òun fúnra rẹ̀ tó jáde. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Etobicoke ló bá wá sí ìlú yìí. Nígbà tó ṣe tán níbẹ̀, ó gba iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó: ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń wọṣọ fún wọn, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì ń gbọ́ ìtàn kan náà láti ẹnu wọn lójoojúmọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Zakariyya ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí Alberta. Bó bá lọ, ó di ọjọ́ mélòó kan. Ilé gíga kan ní Weston, tí èèyàn lè ti ojú fèrèsé rẹ̀ rí odò Humber, ni wọ́n ń gbé.

Àbùkù kan ṣoṣo ni Kàfáyàtù ní, tí a bá lè pè é ní àbùkù. Kò lè pe àgbà lórúkọ. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ pè é jókòó, ó ní orúkọ ni wọ́n fi ń pe àwọn arúgbó níbí, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn fúnra wọn fẹ́ ẹ. Kàfáyàtù ní òun gbọ́. Ó dé iwájú ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Margaret, ó la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ ká kò bí ewé tí oòrùn pa. "Mummy" ló bọ́ jáde. Láti ìgbà náà, gbogbo obìnrin ibẹ̀ di Mummy, gbogbo ọkùnrin di Daddy. Obìnrin kan wá bẹ bàbá rẹ̀ wò, ó gbọ́ tí obìnrin adúláwọ̀ ń pe bàbá òun ní Daddy láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sí kọ́rídọ̀ títí wọ́n fi ṣàlàyé fún un pé bàbá rẹ̀ kò lọ sí Áfíríkà rí.

Àbùkù yìí gan-an ló fẹ́ẹ̀ mú ẹnì kan sọnù mọ́ Kàfáyàtù lọ́wọ́. Ẹni náà ni ìyá arúgbó tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe mọra nìyí. Ọdún àkọ́kọ́ tí Kàfáyàtù dé ni, Zakariyya ò tíì dé rárá. Ó ti ibi shift bọ̀ nínú òtútù tó ń géni jẹ, ìbọ̀wọ́ tó wọ̀ kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ yìí. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ìka rẹ̀ ti le débi pé kọ́kọ́rọ́ ò ṣeé yí. Ó dúró níbẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń sunkún. Ilẹ̀kùn òdì kejì ṣí. Ìyá òyìnbó kúkúrú kan, tó wé gèlè aláwọ̀ ewé ṣóńṣó sábẹ́ àgbọ̀n, fà á wọlé. Ó po omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó sì gbé ọbẹ̀ pupa kan tí wọ́n fi nǹkan bíi kárọ́ọ̀tì pupa sè síwájú rẹ̀. Kàfáyàtù bi í bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá náà ní kò sí ẹran kankan níbẹ̀, ní ọjọ́ ayé òun, ẹran fún ọjọ́ ọdún ni. Kàfáyàtù lá àwo náà mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá náà ti di Màmá.

Ará Ukraine ni Màmá. Ó ti pẹ́ gan-an tí òun àti Petro ọkọ rẹ̀ ti wá sí Toronto. Ẹ̀wù òtútù ló ń rán ní ilé iṣẹ́ kan títí ojú rẹ̀ fi ní ó tó. Wọn ò bímọ. Petro ti kú kí Kàfáyàtù tó dé. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu Màmá dà bí ìgbà tí èèyàn ń la òkúta: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń já wálẹ̀ lọ́tọ̀. Kò ní fóònù alágbèéká. Ti inú ilé tó ní wáyà ló ń lò. Nígbà tí ogun dé bá ìlú rẹ̀, ó máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á pa ohùn rẹ̀, á máa wo àwòrán nìkan. Kàfáyàtù á jókòó tì í. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀, Màmá á dìde, á lọ gbé ìkòkò kaná.

Kàfáyàtù kọ́ ọ ní Yorùbá díẹ̀. Èyí tó mọ̀ jù ni "O ti jẹun?" Lójoojúmọ́ tí Kàfáyàtù bá ti ibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀kùn á ṣí díẹ̀, ohùn á jáde: "O ti jẹun?" Ohùn náà le, bí ohùn ẹni tó ń bá èèyàn jà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìjà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí. Kàfáyàtù tó sọ ọ́ di Màmá, kò mú orúkọ náà mọ́ra nìkan. Àwọn ará ilé náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin ará Jamaica tó wà ní ìkángun kọ́rídọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màmá. Àwọn ará Sòmálíà gbà á. Ọmọ Philippines tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ elevator gbà á. Ká má purọ́, ológbò ibẹ̀ ló kù. Nígbà tó yá, kò sí ẹnì kan lórí ilẹ̀ yẹn tó mọ orúkọ mìíràn fún un.

Kàfáyàtù kàn béèrè orúkọ náà nígbà kan, ó sì béèrè bí Yorùbá ṣe ń béèrè. Àwọn méjèèjì wà ní kíṣìnnì Màmá, yìnyín ń bọ́ níta, wọ́n ń ṣe oúnjẹ kan tí àwọn ará Ukraine fẹ́ràn. Wọ́n á po fùláwà, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi pòtétò tí wọ́n ti gún sínú rẹ̀, wọ́n á fi ìka di etí rẹ̀ pọ̀ bí ètè ọmọ tó ń bínú, wọ́n á wá sọ ọ́ sínú omi tó ń hó. Kàfáyàtù ń rẹ́ ata rodo sínú tirẹ̀. Ó wù ú kó mọ orúkọ Màmá. Ṣùgbọ́n ọmọ ta ni yóò wo ojú àgbà kó ní, kí ni orúkọ yín, bí ọlọ́pàá ojú pópó? Ó yí i po. Ó ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ orúkọ yín?

Màmá dá orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, wéré, bí ẹni tí kò sábà gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé. Ìyá òun wá ọmọ títí àwọn èèyàn fi dákẹ́ bíbéèrè. Nígbà tí òun wá dé, bàbá òun ní èyí kì í ṣe agbára àwọn. Màmá gbé ìka tí fùláwà ti sọ di funfun sókè, ó nà án sí àjà. Ó wá sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́ síwájú Kàfáyàtù bí ẹni tó ń gbé nǹkan fúnni. Ó tún fi kún un pé orúkọ náà kì í ṣe èyí tí àwọn yá láti ilẹ̀ ibòmíràn, ti àwọn bàbá àwọn ni.

Kàfáyàtù pàtẹ́wọ́. "Ọlọ́runfúnmi! Màmá, àbúrò ìyá mi kan ń jẹ́ ẹ."

Ó mú fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó yí orúkọ tó fi nọ́ńbà Màmá pamọ́ sí padà, ó kọ ọ́ síbẹ̀: Màmá Ọlọ́runfúnmi. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti wá mọ orúkọ Màmá. Orúkọ gan-an sì ti kọjá lọ bí atẹ́gùn ẹnu fèrèsé.

Kí ẹnikẹ́ni má bú u. Yorùbá la jẹ́. Bí ẹnì kan bá ní Àbíọ́nà ni òun ń jẹ́, a ti rí ojú ọ̀nà, a ti rí ìyá tó ń rọbí lẹ́bàá ọ̀nà náà. Ìtumọ̀ ni orúkọ lọ́dọ̀ wa. A kì í rántí pé àwọn mìíràn lè gbé orúkọ kiri bí ẹni gbé agboòrùn, tí wọn ò béèrè ẹni tó rán an.

Ó wá di oṣù kejì ọdún tó kọjá, ọjọ́ Sátidé òpin ọ̀sẹ̀ tí ìsinmi ìjọba wà nínú rẹ̀. Kàfáyàtù ti ibi iṣẹ́ àárọ̀ dé lọ́sàn-án, ó gba iwájú ilẹ̀kùn Màmá kọjá, kò gbọ́ "O ti jẹun." Ó padà. Ó kànkùn. Ó pe fóònù, ó sì ń gbọ́ ọ tó ń dún nínú ilé, ó ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó kan ilẹ̀kùn gbogbo ará ilẹ̀ náà. Obìnrin ará Jamaica ní òun rí Màmá tó jáde láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì. Ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilé ti tì fún ìsinmi. Ni Kàfáyàtù bá sọ̀kalẹ̀ lọ sójú títì.

Ọkùnrin tó ń gẹ irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ló sọ fún un. Ó ní ìyá òyìnbó kan tó wé gèlè aláwọ̀ ewé sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, ó tẹ yìnyín tó ti di dígí mọ́lẹ̀, ó yọ̀, ó fi orí balẹ̀. Báàgì rẹ̀ ti bá bọ́ọ̀sì lọ. Áńbúláǹsì ló wá gbé e. Ó dárúkọ ilé ìwòsàn tó gbọ́ tí wọ́n ní àwọn ń gbé e lọ, Kàfáyàtù ò sì dúró gbọ́ ìyókù.

Ó dé ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba àlejò bi í pé ta ló wá wò.

"Màmá ni."

Ó ní Màmá ta ni.

"Màmá gbogbo wa."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rọra ṣàlàyé pé orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an ni òun ń béèrè. Kàfáyàtù la ẹnu, Ọlọ́runfúnmi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní òun mọ ìtumọ̀ rẹ̀, pé Ọlọ́run ló fúnni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní kọ̀mpútà àwọn kò mọ ìtumọ̀, orúkọ nìkan ló mọ̀.

Ó wá pe nọ́ọ̀sì kan jáde. Kàfáyàtù sọ bí Màmá ṣe rí, gèlè aláwọ̀ ewé, eyín góòlù kan lápá òsì. Nọ́ọ̀sì náà wò ó dáadáa. Ó ní àwọn gbé irú ìyá bẹ́ẹ̀ wọlé lóòótọ́, kò sì sí ohun kankan lára rẹ̀ tó sọ ẹni tó jẹ́. Ojú rẹ̀ máa ń là, á tún padé, ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àwọn dókítà ń bẹ̀rù pé ìṣubú náà ti kan ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n ti ń múra láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn níbi tí wọ́n ti ń ṣí orí wò. Bó bá lè dáhùn sí orúkọ rẹ̀ pẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, wọ́n á dúró wò ó ná. Kí wá ni orúkọ náà?

Kàfáyàtù ti jẹun nílé obìnrin yìí ju bó ṣe jẹ ní ilé ìyá rẹ̀ lọ láti ìgbà tó ti dàgbà. Ó mọ ibi tó ń tọ́jú iyọ̀ sí. Ó mọ eékún tó ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ẹni tó ní òun mọ èèyàn tí kò sì mọ orúkọ rẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó pè mí.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ èmi, ẹ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ní Etobicoke ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ará Ukraine ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ́ búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn ni mò ń kọ́ orúkọ. Orúkọ ìyá wọn, orúkọ ìyàwó wọn, orúkọ ọmọ wọn, mo béèrè gbogbo rẹ̀, mo sì béèrè ìdí. Nígbà tó yá, àwọn ló ń bi mí ní orúkọ bàbá ńlá wọn. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ààrò á dúró dè mí. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí búrẹ́dì jóná.

Kàfáyàtù kò tilẹ̀ kí mi. "Alhaji, ẹ gbà mí. Mo ti sọ orúkọ èèyàn nù."

Mo ní kó mí ná, kó wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́. Mo ní Ukraine ò tóbi jù mí lọ, kó fọkàn balẹ̀. Mo ní orúkọ tó jẹ mọ́ ẹ̀bùn kò kéré lọ́dọ̀ wọn. Teodora wà níbẹ̀, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n àwọn Gíríìkì ló ni ín. Daryna wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń gbọ́ ẹ̀bùn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tó fúnni. Mo wá bi í ní ohun tí ẹlòmíràn ò ní rántí bi í.

"Gbàgbé ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Kí ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tó ń ṣàlàyé fún ọ?"

"Ó nàka sókè."

"Ìyẹn ló kọ́kọ́ ṣe?"

"Ìyẹn ni, Alhaji. Ẹ̀yìn náà ló wá la àtẹ́lẹwọ́ sí mi, bí ẹni ń gbé nǹkan fún mi. Ó ní ti àwọn bàbá àwọn ni, pé àwọn ò yá a."

"Bohdana ni," ni mo wí.

Mo ṣàlàyé fún un wàràwàrà. Boh ni wọ́n ń pe Ọlọ́run ní èdè wọn. Dana ni èyí tí a fúnni. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, Bohdan ni. Orúkọ àtayébáyé ni, àwọn tí èdè wọn bá tiwọn tan náà sì ní irú rẹ̀. Bohdanka ni ìyá ń pe ọmọ bó bá ń kẹ́ ẹ. Ẹ wò ó bí ẹ bá fẹ́: Ọlọ́run wà níwájú, ẹ̀bùn tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń tò ó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn nídìí ààrò, mo ní ará Ìbàdàn kan ti gba ibẹ̀ kọjá rí.

Kàfáyàtù rọra tún un pè: "Bohdana. Òun ni, Alhaji. Mo tún ń rí fùláwà tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n sọ ọ́."

Mo ní kó lọ pè é. Kò lọ.

"Alhaji, ṣé kí n kàn máa pe orúkọ lé àgbà lórí bẹ́ẹ̀? Wọ́n ju ìyá mi lọ."

Ẹ rí ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́, àbí? Mo ní, "Kàfáyà, bí ẹnì kan bá dákú ní Ìwó, ṣé wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀? Orúkọ ni wọ́n fi ń pè é padà. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, àgbà náà sì ti ṣe ọmọ ẹnì kan rí. Lọ fa ìjánu náà."

Ó lọ. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa sọ ọ́ yìí, ẹni tó wà níbẹ̀ kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ó sọ orúkọ náà fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì mú un dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Màmá ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ti tú gèlè orí rẹ̀, irun rẹ̀ sì kéré, ó funfun bí òwú, bẹ́ẹ̀ ni Kàfáyàtù ò rí irun náà rí. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ pè é, ó pè é bí àwọn ará ibí ṣe máa pè é. Ìpéǹpéjú Màmá mì díẹ̀, ó tún dúró. Nọ́ọ̀sì wo Kàfáyàtù pé ó kù sí ọ lọ́wọ́.

Kàfáyàtù wólẹ̀ sórí eékún méjèèjì. Nọ́ọ̀sì rò pé òun náà ló ń dákú, ó sáré fa àga wá. Kàfáyàtù fi ọwọ́ sún àga náà sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi o," ó wí. "Bohdana."

Kò sí nǹkan kan.

"Bohdana!" Ohùn tó fi ń pe àwọn àbúrò rẹ̀ láti òpin àdúgbò ní Ìwó ló fi pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì dìde jókòó. Ó wá rántí èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn, ó sún mọ́ etí Màmá, ó sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ láti ojú oorun: "Bohdanka."

Màmá la ojú. Ó wo àjà. Ó wo ògiri. Ó wá wo ìsàlẹ̀, ó rí hìjáàbù tó wà ní ìwọ̀n ibùsùn, pẹ̀lú ojú Kàfáyàtù nínú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Iwájú orí rẹ̀ hunjọ, bó ṣe máa ń hunjọ bí iyọ̀ bá kéré nínú ọbẹ̀.

"O ti jẹun?" ó wí.

Nọ́ọ̀sì sáré lọ sọ fún dókítà pé ìyá náà ti dá wọn lóhùn, pé ó sọ èdè Ukraine. Kàfáyàtù kò ráyè tún un ṣe. Òtítọ́ ni pé kò tíì jẹun láti àárọ̀, kò sì lè purọ́ fún Màmá. Ó ní, "Rárá, Màmá." Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí níbẹ̀, ní èdè mẹ́ta, pé kí ló ń ṣe láti àárọ̀.

Wọn ò gbé e lọ ibòmíràn mọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní orí rẹ̀ á padà bọ̀ sípò, pé ọrùn ọwọ́ tó ṣẹ́ ni kí wọ́n bójú tó. Nígbà tí wọ́n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, Kàfáyàtù tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ò ní pe orúkọ wọn bẹ́ẹ̀ mọ́ láé, pé nítorí ewu ni.

Màmá fi ọwọ́ tó dára di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tún un pè," ó wí.

Kàfáyàtù rò pé òun ò gbọ́ dáadáa.

"Láti ìgbà tí Petro ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo yín ń sọ pé Màmá. Màmá dára, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń rò pé Petro ti gbé Bohdana lọ, pé Màmá nìkan ló kù nínú ilé."

Kàfáyàtù sọ fún mi pé òun ò mọ ìgbà tí òun gbé orí lé ẹsẹ̀ ibùsùn. Ọ̀wọ̀ tó ń fún ìyá yìí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kò mọ̀ pé ó wúwo lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun tó ń wẹ arúgbó, tó ń fún arúgbó lóúnjẹ, kò ronú kàn án rí pé orúkọ náà ń fẹ́ ẹni tí yóò máa pè é, bí ilé ṣe ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣí fèrèsé rẹ̀.

Àmọ́ ahọ́n kì í yí padà lọ́jọ́ kan. Wọ́n jíròrò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí Màmá lò níbẹ̀, bí àwọn onílé méjì tó ń pín ààlà. Màmá fẹ́ kó máa jẹ́ Bohdana nígbà gbogbo. Kàfáyàtù ní bí ìyá òun bá gbọ́ ọ láti Ìwó, á wọ ọkọ̀ òfuurufú. Níkẹyìn, wọ́n fi ẹnu kò sí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́.

Mo lọ kí wọn ní Weston nígbà tí ọwọ́ náà jinná. Màmá bi mí pé ṣé èmi ni ọkùnrin tó bá òun wá orúkọ òun rí, mo ní èmi náà ni, mo sì dá orúkọ náà fún un bó ṣe yẹ kí wọ́n dá a. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan kan. Mo ní ó ní ohùn mi dà bíi ti ará ìlú òun. Kàfáyàtù ní rárá, pé ohun tí ó wí ni pé ohùn mi dà bíi ti ẹni tí òtútù mú. Kàfáyàtù kò gbọ́ èdè náà tó mi. A jẹ oúnjẹ onífùláwà yẹn, ata rodo inú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ mú mi fọhùn Ukraine lóòótọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Kàfáyàtù jáde lọ gba nǹkan nílé rẹ̀, tí ilẹ̀kùn sì tì padà. Mo lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, mo fi ojú sí ihò kékeré tí wọ́n fi ń wo àlejò. Mo rí i tó ń bọ̀. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni kankan ní kọ́rídọ̀. Ó rọra kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí Màmá kò ti lè rí i.

"Bohdana," ó pè.

Màmá ti dìde lórí àga kí ó tó pè é tán.